Sójà Tẹ́lẹ̀, Lọ́yà Lónìí, Ó Fẹ́ Di Adájọ́: Bí Ọ̀nà Náà Ṣe Rí Ní Amẹ́ríkà

Bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pátákó kéékèèké á kún ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó bá ń gbé ní Houston tàbí ní Atlanta á rí i pé kì í ṣe gómìnà àti sẹ́nétọ̀ nìkan ló ń wá ìbò. Orúkọ ẹnì kan á wà níbẹ̀, àsíá Amẹ́ríkà á wà lẹ́yìn orúkọ náà, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ológun ni tẹ́lẹ̀, lọ́yà ni báyìí, ipò adájọ́ ló ń wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo dé á wo pátákó náà títí. Ṣé adájọ́ náà ń polongo ìbò ni? Kí ló kan iṣẹ́ ológun nínú ẹjọ́ dídá? Ṣé kì í ṣe ohun tí a sá fún nílé ni a tún bá níbí?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwa tí a mọ ìtàn ìjọba ológun ní Nàìjíríà mọ ohun tí ojú rí nígbà tí sójà jókòó sórí àga ìdájọ́. Lọ́dún 1984, ìjọba Buhari gbé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn olóṣèlú. Àwọn ọ̀gá ológun ló ṣe alága wọn, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì pàṣẹ pé kí lọ́yà kankan má yọjú síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 22 ni wọ́n sọ Olóyè Bísí Ọnàbánjọ tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn sí. Lọ́dún 1995, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gbọ́ ẹjọ́ Ken Saro-Wiwa àti àwọn ará Ogoni jẹ́ ọ̀gá ológun tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n yẹgi fún àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ẹni tó bá ní irú ìrántí báyìí lọ́kàn, tó wá rí i tí sójà àtijọ́ ń tọrọ àga adájọ́, kò jẹ̀bi bí ara rẹ̀ bá bù máṣọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó wà lórí pátákó. Ó ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ìgbà díẹ̀ lọ́dún ló ń wọ̀ ọ́. Kò sí àṣẹ kankan tí iṣẹ́ ológun fún un láti dá ẹjọ́ aráàlú. Ohun tó lè sọ ọ́ di ẹni yíyẹ ni ẹ̀kọ́ òfin tó kọ́, ìwé àṣẹ lọ́yà tó gbà, àti ọdún tó ti lò nílé ẹjọ́. Ìyókù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ogun tó ń fi síwájú, ìwà rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣàpèjúwe fún yín. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì níyì. Àmọ́ kò tíì sọ fún yín bóyá ó mọ òfin.

Èwo ló kọ́kọ́ ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn bèèrè nìyí, torí pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú ẹnì kan jẹ́ ológun àti lọ́yà, àwọn méjèèjì sì máa ń jọ ara wọn lórí pátákó.

Àwọn kan ṣe sójà ná, wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n wá lọ ka òfin. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́dún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sópin, wọ́n ṣe òfin kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí GI Bill, kí àwọn tó bá ti ojú ogun dé lè rí owó kàwé. Èyí tó wà lóde báyìí ni wọ́n fọwọ́ sí ní 2008. Ẹni tó bá ti lo ó kéré tán oṣù 36 lẹ́nu iṣẹ́ gidi lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001 lè rí owó ẹ̀kọ́ oṣù 36 gbà: gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, owó ilé gbígbé, àti owó ìwé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ka òfin ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba dìgírì àkọ́kọ́, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni ọdún ilé ìwé kan sì ń gbà. Ẹ ṣírò rẹ̀, oṣù 27 péré ni. Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kan owó náà tẹ́lẹ̀ lè ka òfin tán nílé ẹ̀kọ́ ìjọba láì jẹ gbèsè owó ilé ìwé, ní ìlú tí gbèsè ẹ̀kọ́ ti ń bá ọ̀pọ̀ lọ́yà dé ọjọ́ ogbó.

Ọmọ wa tó bá fi gíríìn káàdì wọ ìlú náà lè gba ọ̀nà yìí. Wọ́n lè gbà á síṣẹ́ sójà kó tó di ọmọ onílùú, òfin sì jẹ́ kó tètè gba ìwé ọmọ onílùú nípasẹ̀ iṣẹ́ náà. Ipò ọ̀gá nìkan ni wọn kì í fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, ipò ọ̀gá sì ni gbogbo lọ́yà ológun wà.

Ẹni tí mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀nà yìí ni John Paul Stevens. Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 1941 ló wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Ọjọ́ kejì ni Japan kọlu Pearl Harbor. Iṣẹ́ títú àṣírí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá ń fi ránṣẹ́ síra wọn ló ṣe nígbà ogun, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Bronze Star. Nígbà tí ogun parí, ó fi owó GI Bill ka òfin ní Northwestern, ó sì jáde ní 1947. Ó ṣe lọ́yà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Chicago, ó di adájọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní 1970. Ní 1975 ni Ààrẹ Ford yàn án sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìbò 98 sí òdo ni àwọn sẹ́nétọ̀ sì fi gbà á wọlé. Ibẹ̀ ló wà títí di 2010. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ogun ló sọ ọ́ di adájọ́. Ọdún 28 wà láàárín ìgbà tó parí ẹ̀kọ́ òfin àti ìgbà tó jókòó sórí àga yẹn.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tó ti jẹ́ lọ́yà kí ó tó wọ aṣọ ológun. Ẹ̀ka òfin iṣẹ́ ológun ni wọ́n ń pè ní JAG, ó sì ti wà láti 1775, nígbà tí George Washington ní kí wọ́n bá òun wá lọ́yà tí yóò máa bójú tó ẹjọ́ àwọn ọmọ ogun òun, tí wọ́n sì yan William Tudor. Lónìí, ẹni tó bá ti parí ẹ̀kọ́ òfin, tó sì ti gba ìwé àṣẹ lọ́yà, ni wọ́n máa ń gbà. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe ti ológun orí ilẹ̀ á lọ kọ́ òfin ológun ní Charlottesville, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Díẹ̀ tún wà tó jẹ́ pé ọ̀gá ológun ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ sì rán wọn lọ ka òfin pẹ̀lú owó oṣù wọn, kí wọ́n lè padà wá sìn.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí lọ́yà JAG ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, torí èyí ló máa ń ṣókùnkùn sí àwọn olùdìbò jù. Ọmọ sójà ọlọ́dún mókàndínlógún kan jókòó níwájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fẹ́ kọ ìwé ìhágún, ó fẹ́ fún ìyá rẹ̀ láṣẹ láti máa bá a gba owó ní báńkì, onílé rẹ̀ kò sì fẹ́ dá owó ìdógò rẹ̀ padà. Lọ́yà náà á bá a ṣe gbogbo rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní san nǹkan kan. Lọ́sàn-án, ó lè jẹ́ ẹjọ́ olè ló kàn, ó sì lè jẹ́ òun ni agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ òun ló ń gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Bí ó bá wà lójú ogun, òun ni ọ̀gá á bi léèrè bóyá òfin ogun gbà kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé kan tí ọ̀tá sá sí bí aráàlú bá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ báyìí lọ́dún bíi mélòó kan lè ti dúró níwájú adájọ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ àdéhùn nínú ọ́fíìsì aláràbarà lọ.

Àmọ́ àlàfo wà níbẹ̀. Lọ́yà ológun kì í sábà bá wọn dá sí ẹjọ́ ogún jíjẹ, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àti ta ni yóò tọ́jú ọmọ, tàbí ìjà àwọn ilé iṣẹ́ lórí àdéhùn. Bí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí ló fẹ́ wọ̀, ẹ bi í léèrè ẹjọ́ ẹbí tó ti ṣe rí.

Adájọ́ tún wà nínú iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀, èyí sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Láti ìgbà òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1968 ni ilé ẹjọ́ ológun Amẹ́ríkà ti ní adájọ́ ológun tòótọ́, ọ̀gá ológun tó jẹ́ lọ́yà. Ẹjọ́ ológun ló ń gbọ́, agbára rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà. Ẹni tó bá ti wà nípò yẹn rí ní ìrírí ìdájọ́ gidi, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ṣe adájọ́ láàárín ìlú, ẹnu ọ̀nà tí gbogbo lọ́yà ń gbà náà ni yóò gbà.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta

Nílé, ọ̀nà kan la mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ lọ́yà fún ọdún 10, ìgbìmọ̀ NJC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ á dábàá orúkọ rẹ̀, gómìnà á sì yàn án. Kò sí pátákó, kò sí ìpolongo. Lọ́yà tó wà nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, bí ó bá kúrò, ibẹ̀ náà ni yóò gbà.

Ní Amẹ́ríkà, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ló sún mọ́ tiwa. Ààrẹ ló ń yàn wọ́n, ilé àwọn sẹ́nétọ̀ ló ń fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè wà nípò títí ayé níwọ̀n bí ìwà wọn bá ti mọ́. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn kò sọ pé adájọ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà. Àṣà ló ń so wọ́n mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà yìí ni Stevens gbà. Oliver Wendell Holmes, tí ọta ìbọn bá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló gbà á ní 1902.

Ẹnu ọ̀nà kejì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Missouri ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1940. Ìgbìmọ̀ kan á yẹ ìwé àwọn lọ́yà wò, á mú orúkọ díẹ̀ jáde, gómìnà á mú ẹnì kan nínú wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, aráàlú á dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí rẹ̀. Kò sí alátakò, ìbéèrè kan ni: ṣé kó máa bá iṣẹ́ lọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ní Iowa lọ́dún 2010, aráàlú lé mẹ́ta nínú àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ wọn nítorí pé wọ́n ti dá ẹjọ́ ní 2009 tó fàyè gba ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin.

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni ti pátákó ẹ̀gbẹ́ títì. Mississippi ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ní kí aráàlú máa dìbò yan gbogbo adájọ́ òun, ní 1832. Èrò wọn ni pé bí gómìnà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń yan adájọ́, tiwọn ni adájọ́ á máa ṣe. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí ní 2015, ìpínlẹ̀ 39 nínú 50 ló ń lo ìbò láti yan adájọ́ lọ́nà kan tàbí òmíràn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdíje, bíi Texas. Àwọn mìíràn kì í kọ ọ́, bíi Georgia.

Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ olùdíje yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní Texas, ọdún mẹ́rin tí èèyàn bá ti ṣe lọ́yà ti tó tẹ́lẹ̀ láti di adájọ́ district, ìyẹn ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ńlá. Ní 2021, aráàlú dìbò pé kó di ọdún mẹ́jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tó bá kọ́kọ́ wọlé láti 2025. Ẹ kíyè sí ìpínlẹ̀ yìí dáadáa, torí ẹni tí wọ́n ń pè ní County Judge níbẹ̀, olórí ìjọba county ni, ìyẹn àgbègbè tó jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ètò ìnáwó àti ọ̀rọ̀ àgbàrá òjò ló ń bójú tó, kò sì pọn dandan kó jẹ́ lọ́yà. Lina Hidalgo tó di County Judge ní Harris County, níbi tí Houston wà, ní 2019 kì í ṣe lọ́yà. Ní Pennsylvania pẹ̀lú, adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kéékèèké ní àdúgbò kò ní láti jẹ́ lọ́yà, ó kàn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ kó sì yege ìdánwò.

Owó, ìlérí, àti àwòrán nínú aṣọ ológun

Ìbò ń gba owó, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ sì nìyẹn. Ní West Virginia, ilé iṣẹ́ èédú kan jẹ̀bi ẹjọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wá ná nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là láti mú kí ẹnì kan wọlé sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, níbi tí ẹjọ́ náà ń lọ. Ẹni náà wọlé, kò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́, ó sì bá wọn dá ilé iṣẹ́ náà láre. Ní 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé kò yẹ kó jókòó sí ẹjọ́ yẹn rárá. Márùn-ún sí mẹ́rin ni wọ́n fi dá a. Ìyẹn ni pé adájọ́ mẹ́rin kò rí òfin tó fi dandan lé e kó yẹra. Títí di òní, inú mi kì í dùn tí mo bá rántí iye yẹn. Ní 2025, nígbà tí Susan Crawford àti Brad Schimel ń du àga kan ṣoṣo ní Wisconsin, owó tí wọ́n ná sí ìbò náà lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe fi òfin dí olùdíje lọ́wọ́. Ní Florida, olùdíje fún ipò adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ owó. Lanell Williams-Yulee, lọ́yà kan níbẹ̀, fọwọ́ sí lẹ́tà kan tó fi ń wá owó ìpolongo. Wọ́n jẹ ẹ́ níyà, ó gbé ẹjọ́ náà dé òkè, ó sì pàdánù ní 2015. John Roberts tó jẹ́ adájọ́ àgbà sọ níbẹ̀ pé adájọ́ kì í ṣe olóṣèlú, kódà bí ó bá tipasẹ̀ ìbò dé orí àga. Nínú ìpínlẹ̀ 39 yẹn, 30 ló ní irú òfin Florida nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká mú un sún mọ́ ilé. Ká ní ọmọ Yorùbá kan ń díje fún ipò adájọ́ ní Florida, ó wá lọ síbi ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Onílù fi orúkọ rẹ̀ lu ìlù, àwọn ẹ̀gbọ́n dìde, wọ́n fẹ́ ná dọ́là sí i níwájú orí pé ọmọ wa ti fẹ́ di adájọ́. Ìfẹ́ ni, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òfin lè kà á sí owó ìpolongo. Ìgbìmọ̀ ìpolongo rẹ̀ nìkan ló lè gba owó, orúkọ ẹni tó mú un wá sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bí ó bá rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, tó sì fi wọ́n mọ akápò rẹ̀, ẹ má ṣe bínú pé ó gbéra ga. Òun gan-an ni ẹ fẹ́ kó wà lórí àga.

Ìlérí ni èèwọ̀ kejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Minnesota kan ní 2002, olùdíje lè sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ìlú. Ohun tí kò gbọdọ̀ sọ ni pé bí irú ẹjọ́ báyìí bá dé iwájú òun, báyìí lòun máa dá a. Torí náà, ẹni tó bá ń ṣèlérí pé òun máa ti gbogbo ọ̀daràn mọ́lé ń ta ohun tí kò ní í tà.

Ti aṣọ ológun ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní òfin lórí rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gidi kò lè du ipò tó ní orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú nínú. Ẹni tó ti kúrò, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀ka àfikún ló ń bá ṣiṣẹ́, lè dárúkọ ipò tó dé, ó sì lè lo àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ náà. Àmọ́ àwòrán yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ olórí àwòrán ìpolongo, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé kò túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ ológun ń ti òun lẹ́yìn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé ìpolongo dáadáa, lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n máa ń fi kọ ọ́. Ẹni tó gbójú fo òfin tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ṣe, kí ni yóò ṣe sí èyí tí aráàlú ṣe?

North Carolina, 2024

Kò sí ibi tí ológun, lọ́yà àti àga adájọ́ ti pàdé pọ̀ tó le tó èyí láìpẹ́ yìí. Jefferson Griffin jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní North Carolina, ó sì jẹ́ lọ́yà JAG nínú National Guard, ìyẹn ẹ̀ka ológun àfikún ti ìpínlẹ̀ náà, ipò káputéènì ló wà. Ó du àga kan nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ ọ̀hún lábẹ́ àsíá Republican. Allison Riggs, tí gómìnà yàn sórí àga náà ní 2023, dúró fún Democrat. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ló dìbò. Ìbò 734 ni Riggs fi borí, wọ́n tún un kà, kò yí padà.

Griffin kò gbà. Ó ní kí wọ́n wọ́gi lé ìbò tó lé ní 60,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ìbò àwọn ológun àti àwọn tó wà lókè òkun ni, tí wọn kò fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wọn tó ní fọ́tò ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlànà tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dìbò sọ pé kò pọn dandan fún wọn. Àwọn oníròyìn wá tú u jáde pé Griffin fúnra rẹ̀ ti dìbò lọ́nà àwọn ológun yìí rí. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yìí gbà. Ilé ẹjọ́ tí Griffin ń bá ṣiṣẹ́ dá a láre lápá kan ní oṣù kẹrin 2025, òun fúnra rẹ̀ kò jókòó síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá ọ̀pọ̀ ìbò náà sí, ó sì ní kí àwọn ológun àti ará òkè òkun wá ṣàtúnṣe tiwọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, adájọ́ ìjọba àpapọ̀, Richard Myers, tí Ààrẹ Trump yàn, sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè yí òfin eré padà lẹ́yìn tí eré ti parí. Ọjọ́ 7 oṣù náà ni Griffin jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mi ò sọ ìtàn yìí láti tàbùkù iṣẹ́ tó ṣe fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Mo sọ ọ́ torí pé ó fi hàn pé aṣọ ológun kò lè sọ fún yín bí ẹnì kan yóò ṣe ronú bí òfin bá dé iwájú rẹ̀, kódà bí ọ̀rọ̀ àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ni.

Ibì kan wà, ṣá, tí ìrírí ogun ti wúlò gidi nílé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní 2008, Adájọ́ Robert Russell dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní Buffalo, ní New York, fún àwọn ológun àtijọ́ tó bá rú òfin nítorí oògùn olóró, ọtí, tàbí ọpọlọ tí ogun ti dà rú. Dípò kí wọ́n kàn jù wọ́n sẹ́wọ̀n, wọ́n á fi wọ́n sábẹ́ ìtọ́jú, adájọ́ á máa rí wọn lóòrèkóòrè, ológun àtijọ́ mìíràn á sì dúró tì wọ́n bí ẹ̀gbọ́n. Irú ilé ẹjọ́ yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Bí olùdíje bá ní òun sin orílẹ̀-èdè òun, ó tọ́ kí ẹ bi í léèrè bóyá ó ti bá irú ilé ẹjọ́ yìí ṣiṣẹ́ rí, torí èyí ni ibi tí ogun tó jà ti lè di àǹfààní fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá bá a pàdé

Àwọn olùdíje máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa. Ẹ má kàn bá a ya fọ́tò. Ẹ bi í pé ẹjọ́ mélòó ló ti dúró fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Irú ẹjọ́ wo? Ilé ẹjọ́ tó fẹ́ wọ̀ yìí, kí ló ń gbọ́ níbẹ̀, ìgbà wo ló sì ti ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀ kẹ́yìn? Bí JAG ló ṣe, ṣé ìwé ló ń kọ ni àbí ilé ẹjọ́ ló ń lọ? Ṣé ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà àgbègbè náà ti sọ èrò wọn lórí rẹ̀? Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fún un lówó bá ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀, kí ni yóò ṣe? Gbogbo ìwọ̀nyí ló lè dáhùn láì rú òfin kankan. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni yóò ṣe dá ẹjọ́ ìwé ìgbélùú ọmọ àbúrò yín, tó sì dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ adájọ́ ìpínlẹ̀, ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà.

Fún àwọn tó wà ní Houston, iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Ìwé ìbò Harris County gùn, orúkọ adájọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2018, obìnrin adúláwọ̀ 17 ló wọlé gẹ́gẹ́ bí adájọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ ayọ̀ ńlá ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà yẹn, èèyàn ṣì lè tẹ ibì kan ṣoṣo kó dìbò fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Láti 2020, Texas ti fòpin sí ìyẹn, orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń sú àwọn kan kí wọ́n tó dé ibi tí orúkọ adájọ́ wà. Ẹ gba àpẹẹrẹ ìwé ìbò yín sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ ìbò tó pé, ẹ yẹ orúkọ wò nílé, ẹ sì kọ àwọn tí ẹ bá mú sórí tákàdá. Òfin Texas kò gbà kí èèyàn lo fóònù nínú yàrá ìdìbò, àmọ́ ẹ lè mú tákàdá tí ẹ kọ ọ́ sí dání wọlé.